Tòbí Tí Mo So Mọ́dìí Lọ Sọ́gbà Ìṣeré

Bí ẹ bá bi mí pé kí ló gbé mi dé ilé ọkọ, mi ò ní parọ́ fún yín: ike omi ni. Ike omi tútù kan tí mo fi aṣọ ìnura wé, tí mo kì bọ inú tòbí lábẹ́ híjáàbù mi lọ́jọ́ kejì ọdún Iléyá. Ike omi yẹn kan náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọkọ ọ̀hún lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ rò ó fún yín. Ọpẹ́ ni mo fẹ́ dú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo sunkún dáadáa kí n tó mọ̀ pé ọpẹ́ ni.

Hamdalah lorúkọ mi. Télọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi sì wà ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta búlọ́ọ̀kù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá mi, ọ̀dọ̀ ìyá tó bí i ni mo sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán tòbí. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, aṣọ kékeré kan báyìí ni, tó lápò níwájú, tí àwọn ìyá wa máa ń so mọ́dìí lábẹ́ ìró bí wọ́n bá ń lọ sójà. Tèmi lápò mẹ́rin, mo sì fi síìpù sí méjì nínú wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti darúgbó kọ́jọ́ tó pé, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti já báàgì gbà lọ́wọ́ mi ní Ikotun, torí náà mi ò dá wọn lóhùn.

Lọ́dún Iléyá tí mo ń wí yìí, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mẹ́ta wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, mo sì ti ṣèlérí fún wọn pé màá mú wọn lọ sí ọgbà ìṣeré tuntun kan tí wọ́n ṣí lọ́nà Egbeda. Àwọn ọlọ́gbà náà ti kéde lórí fóònù pé àwọn ò gba báàgì wọlé rárá, torí pé ó máa ń já bọ́ lọ́wọ́ èèyàn lórí ẹ̀rọ. Kí ni ẹni tó kó ọmọ mẹ́ta dání fẹ́ ṣe láìsí báàgì? Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹrù. Fóònù àti páwà báǹkì wọ àpò kan. Owó, káàdì àti kọ́kọ́rọ́ ilé wọ èkejì. Tíṣù, bisikíìtì àti ṣòkòtò kan fún èyí àbíkẹ́yìn nínú wọn tó ṣì máa ń tọ̀ sára bí inú ẹ̀ bá dùn jù, gbogbo ẹ̀ wọ ẹ̀kẹta. Àpò kẹrin tó wà láàárín gan-an ni mo ki ike omi bọ̀. Mo fi híjáàbù gígùn bò ó, mo jáde, mo rò pé mo gbọ́n.

Ìyá mi wò mí láti ẹnu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Hamdalah, ṣé báyìí lo fẹ́ ṣe jáde?"

"Kí ló ṣe é, Màámi?"

"Kò ṣe nǹkan kan jàre. Ẹ tètè dé o."

Ká ní ó sọ òótọ́ fún mi lọ́jọ́ yẹn ni, bóyá ìtàn yìí ò ní sí.

Bí mo ṣe ń rìn ni omi ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Mo wá fi ọwọ́ kan gbá a mú níwájú, mo fi èkejì ti ìbàdí torí ẹrù náà wúwo. Ní géètì, síkiọ́rítì wò mí, ó ní, "Ẹ máa wọlé, mọ̀mí, ẹ má tò." Mo dúpẹ́, mo rò pé híjáàbù ló ń bọ̀wọ̀ fún. Ẹnì kan dìde fún mi lórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin kan ní kí n wá ṣíwájú òun lẹ́nu ilé ìtọ̀. Inú mi ń dùn, mo ń sọ lọ́kàn ara mi pé àwọn èèyàn Egbeda mà lọ́yàyà.

Ìdí ẹ̀rọ ńlá kan tó máa ń gbé èèyàn yípo lókè ni àṣírí ti tú. Ọkùnrin tó ń darí ẹ̀ wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù, sùpánà kan yọ lápò ẹ̀. Ó gba tíkẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ, ó ní kí wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tó kàn mí, ó na ọwọ́ dí mi lọ́nà.

"Ẹ má bínú, mọ̀mí. Ẹ̀rọ yìí ò gba ẹni tó bá wà nírú ipò tẹ́ ẹ wà yìí."

"Ipò wo?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, mà. Ẹ jẹ́ n wá àga fún yín."

Ó sáré lọ kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìgbà yẹn ni mo wá wo ara mi. Ikùn mi yọ roboto bíi ti aláboyún oṣù mẹ́fà, ọwọ́ mi sì wà lórí ẹ̀! Ojú tì mí títí dé etí. Omidan ni mí o, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ẹni tí ìyá ẹ̀ ń ka iye ìgbà tó fi ń pẹ́ lọ́dọ̀ oníbàárà.

Àwọn obìnrin tó wà lórí ìlà ti gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi lọ́tùn-ún lósì. Ìyá kan tó gbé kúlà dání dúró pátápátá níwájú mi, ó fojú àánú wò mí.

"O kú ìnira, ọmọ mi. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ọlọ́hun á sọ̀ ẹ́ kalẹ̀ láyọ̀."

Ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Àgbàlagbà ṣàdúà fún yín lójú èrò, kí lẹ fẹ́ wí? Ṣé kẹ́ ẹ ní, "Ẹ dúró ná, mà, omi ni"? Ẹnu mi ti dáhùn kí orí mi tó bá a.

"Àmín, mà. Ẹ ṣé gan-an, mà."

Ó ní òun á máa rántí mi nínú àdúà, ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Mi ò tiẹ̀ wo ojú ẹ̀ dáadáa, torí ilẹ̀ ni mò ń wò.

Ọkùnrin ẹlẹ́rọ gbé àga dé. Òógùn ti bò ó, èémí ẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó sì wú mi lórí pé èèyàn lè sáré tó báyẹn nítorí oyún tí kì í ṣe tiẹ̀. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo ní kó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ki ọwọ́ sábẹ́ híjáàbù, mo fa ike omi jáde, mo gbé e lé e lọ́wọ́.

"Ẹ mu omi," ni mo wí. "Òun gan-an nìyẹn. Òun ni mo lóyún ẹ̀."

Ó wo omi. Ó wo ikùn mi tó ti wọlé. Ẹ̀rín pa á títí ó fi di irin ẹ̀rọ mú, èmi náà bá a rín in. Ó ní Mùíz lorúkọ òun. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí ni mo so sábẹ́ aṣọ, mo sì ṣàlàyé tòbí fún un bí ẹni ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. Ó mu omi náà tán pátá. Ó ní òun ò tíì rí àyè mu omi láti àárọ̀, pé wọn ò fún àwọn ní ìsinmi ọdún, ìyá òun ló tiẹ̀ ń gbé ẹran Iléyá bọ̀ wá bá òun níbi iṣẹ́. Àwọn ọmọ gun ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́sẹ̀ méjì sí i, mo gbójú sókè lórí máṣíìnì mi, mo rí i lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó mú ṣòkòtò kan dání tó ya ní orúnkún.

"Ta ló júwe ibí fún ẹ?"

"Ìwọ náà lo sọ lọ́gbà pé ẹ̀gbẹ́ oníbúlọ́ọ̀kù ni. Mo ti bi oníbúlọ́ọ̀kù mẹ́fà." Ó jókòó láìjẹ́ pé mo ní kó jókòó. "Mo tún fẹ́ kó o bá mi rán tòbí ọkùnrin, èyí tí màá máa kó sùpánà sí."

Mo rán an fún un. Ó padà wá pé àpò kan fún jù. Mo tún un ṣe. Ó padà wá pé ó ti wá fẹ̀ jù. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹrin, mo ní kó sọ ohun tó ń wá ní tòótọ́. Ó ká fìlà ẹ̀ lọ́wọ́, ó tún tú u.

"Hamdalah, mi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí òùngbẹ bá ti gbẹ mí, ìwọ ni mo máa ń rántí. Níbi iṣẹ́ tí mo wà yẹn, òùngbẹ máa ń gbẹ mí gan-an ni o."

Mo tẹ orí ba, mo ń rán aṣọ tí mo ti rán tán. Mo fẹ́ràn ẹ̀, mi ò ní tan ara mi. Mo fẹ́ràn bó ṣe máa ń fi etí sí máṣíìnì mi, táá ní ibi báyìí ló ń dùn, táá sì tún un ṣe kó tó mu omi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Òun nìkan ni ọmọ tí ìyá ẹ̀ ní. Oyún márùn-ún ló bà jẹ́ mọ́ ìyá náà lára kó tó bí i, bàbá ẹ̀ sì ti ṣaláìsí. Ìyá tó jìyà tó bẹ́ẹ̀ kó tó rí ọmọ kan, ṣé irú mi ni yóò fún?

Nígbà tó fẹ́ mú mi lọ kí ìyá ẹ̀ nínú oṣù kọkànlá, mo bẹ̀ ẹ́.

"Jọ̀ọ́, má sọ fún Àlàájà pé bá a ṣe pàdé nìyẹn. Sọ pé ṣòkòtò lo gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi."

"Kí ló dé? Màámi fẹ́ràn ẹ̀rín gan-an."

"Mùíz, ojú ń tì mí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ìyá ọkọ máa rí mi, ó wá máa gbọ́ pé mo gbé ikùn omi kiri ọgbà? Ó di ọjọ́ tí mo bá ti délé yín tán."

Kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà nítorí mi.

Igando ni Àlàájà ń gbé, ó sì ń ta ike, abọ́ àti báàfù nínú ọjà Ikotun. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó gbé ìrẹsì àti ẹran adìyẹ wá, ó ń kí mi lọ, ó ń kí mi bọ̀. Àfìgbà tó jókòó níwájú mi tó wá wò mí lójú. Mo ní àmì dúdú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, gbogbo ẹni tó bá rí mi lẹ́ẹ̀kan ló ń fi dá mi mọ̀. Mo rí i tí ojú ẹ̀ dúró lórí àmì náà, tí ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu ẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Níbo lẹ̀yin méjèèjì ti mọra?"

"Ní ṣọ́ọ̀bù mi ni, mà. Ó gbé ṣòkòtò wá."

"O ò dé ọgbà tí Mùíz ti ń ṣiṣẹ́ rí?"

"Rárá, mà."

"Nígbà Iléyá tó kọjá yìí ńkọ́?"

"Ilé la ti ṣọdún, mà." Mùíz ń wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀.

"O ò lọ́kọ rí?"

"Mi ò lọ́kọ rí, mà."

"O ò sì bímọ rí."

"Háà, rárá o, mà!"

Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Ó gbé àwo kúrò níwájú mi, mi ò tíì jẹ ìdajì. Nígbà tí Mùíz sìn mí débi kẹ̀kẹ́ tó sì padà sílé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìyá ẹ̀ bá a sọ: "Kì í ṣe òun, Mùíz. Má bi mí ní ìdí ẹ̀."

Oṣù mẹ́ta ló fi bi í, kò sọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó bínú, ó kọ oúnjẹ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ó wá pe bàbá kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá ẹ̀ pé kó bá òun bẹ̀ ẹ́. Ohun kan náà ni Àlàájà ń sọ. Mùíz ní òun ò lè so yìgì tí ọwọ́ ìyá òun ò sí níbẹ̀, mi ò sì bá a jà sí i. Ta ni mo fẹ́ kó kọ̀ sílẹ̀ nítorí mi, obìnrin tó sunkún oyún márùn-ún?

Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ara mi wò. Ṣé torí pé télọ̀ lásán ni mí? Ṣé híjáàbù mi ni kò gùn tó? Àbí àmì ẹ̀gbẹ́ imú mi yìí ni wọ́n ní kò dáa? Mo máa ń dúró níwájú dígí tí àwọn oníbàárà mi fi ń wo aṣọ, màá máa wá ohun tí ìyá yẹn rí lára mi.

Ìyá tèmi ò dúró wo dígí ní tiẹ̀. Ó ti ránṣẹ́ sílé pé kí àwọn ẹ̀gbọ́n òun máa palẹ̀ mọ́ fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ìtìjú sì ti mú un.

"Kí ni wọ́n lọ́mọ mi ṣe?" ló wí lọ́jọ́ kan, ó ń fi omi ṣan ìkòkò bí ẹni ń bá ìkòkò jà. "Kí wọ́n sọ ọ́! Ẹ gbọ́, bóṣù àwẹ̀ bá lé tí wọn ò tíì wá, kí Mùíz yẹn má dé ẹnu ọ̀nà mi mọ́. Èmi ò sì ní tẹ ilé ìyá ẹ̀ láéláé, bí wọ́n tiẹ̀ wá fi mọ́tò gbé mi."

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni mo fi sáré lọ bá Àǹtí Àdíját. Oníbàárà mi ni, òun àti Àlàájà sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ àsàlátù kan náà ní Igando. Obìnrin ẹlẹ́rìn-ín ni, kì í gbọ́ "rárá" lẹ́ẹ̀kan. Ó lọ nígbà àkọ́kọ́, Àlàájà yí ọ̀rọ̀ dà sí ti ọjà. Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, Àlàájà ní orí ń fọ́ òun. Nígbà tó bọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, kò jókòó, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Hamdalah, irọ́ wo lo pa fún Àlàájà?"

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. "Irọ́ bíi ti báwo, Àǹtí?"

"Ohun tó sọ fún mi ò ju báyìí lọ: 'Ó purọ́ fún mi, òun náà mọ̀.' Mo ní irọ́ kí ni, ó ní òun ò lè fi ẹnu òun sọ ọ́ jáde. Ìwọ ṣá rò ó."

Kò gbà mí ní ìrònú púpọ̀. Irọ́ kan ṣoṣo ni mo pa fún ìyá yẹn, irọ́ ọgbà. Ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan ló rí mi níbẹ̀. Inú bí mi sí ara mi. Nítorí ìtìjú tí kò tó nǹkan, mo ti sọ ara mi di òpùrọ́ níwájú ẹni tí mo fẹ́ máa pè ní ìyá. Lọ́jọ́ kejì, mo ra òwú tí mo fẹ́ rà nínú ọjà Ikotun tán, mo kó o sínú tòbí bí mo ṣe máa ń ṣe, mo sì gba ọ̀dọ̀ Àlàájà lọ. Mo kúnlẹ̀ láàárín àwọn báàfù.

"Àlàájà, mo wá tọrọ àforíjì. Mo ní mi ò dé ọgbà Mùíz rí. Mo débẹ̀, mà. Ọjọ́ kejì Iléyá ni, ibẹ̀ la ti pàdé. Mùíz fẹ́ sọ fún yín, èmi ni mo ní kó má sọ."

Àlàájà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó fà mí dìde, ó mú mi wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tó ń kó ọjà sí, ó fa aṣọ ẹnu ọ̀nà dí. Ohùn ẹ̀ wá lọ sílẹ̀ gan-an.

"Ọmọ dà?"

"Ọmọ wo, mà?"

"Hamdalah, èmi àtìwọ nìkan la wà níbí, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ọmọ tó wà níkùn ẹ lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo gbé kúlà dání. Èmi ni mo ṣàdúà fún ẹ, tó o ṣe àmín." Omi ti ń yọ lójú ẹ̀. "Ṣé ó kú ni? Bó bá kú, sọ fún mi, mo mọ bó ṣe máa ń rí. Àbí o gbé e fún ẹnì kan? Oyún kọ́ ló ń bí mi nínú. Ṣùgbọ́n kó o wò mí lójú, kó o ní o ò bímọ rí! Mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ààtàn kọjá bí mo bá ń lọ sílé, èròkérò a máa wá sí mi lọ́kàn."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde, ẹkún sì tẹ̀ lé e, Àlàájà wá ń wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ ti dàrú. Mo rí i pé ẹnu ò ní ràn án. Mo ká híjáàbù mi sókè níwájú ẹ̀, mo ṣí síìpù tòbí. Mo yọ òwú funfun, mo jù ú sínú báàfù kan. Mo yọ dúdú, mo yọ pupa, mo yọ méjìlá lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo yọ fóònù, mo yọ páàkì bọ́tìnnì, mo yọ páwà báǹkì. Ikùn mi ń wọlé, báàfù ń kún.

"Àlàájà, ẹ ò rí i? Omi ni. Wọn ò gba báàgì wọlé lọ́jọ́ yẹn, mo bá so gbogbo ẹrù mọ́dìí. Ike omi tútù ló wà níbi tẹ́ ẹ ti rí ikùn. Ojú ló tì mí lójú èrò, ni mo ṣe ṣe àmín. Mùíz ló mu omi náà tán, ẹ bi í."

Ó mú òwú kan, ó yí i wò lọ́wọ́. Ó fà sẹ́yìn, ó jókòó lé orí àwọn ike tí wọ́n tò lé ara wọn.

"Omi?"

"Omi ni, mà."

"Hamdalah! Gbogbo Jímọ̀ọ̀ ni mo fi ń ṣàdúà fún oyún yìí! Nígbà tó dóṣù kẹsàn-án, mo ní ó máa ti bímọ báyìí o. Mo tiẹ̀ ya sàráà!" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ lu itan, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú àwa méjèèjì. Nígbà tó sinmi ẹ̀rín, ó di ọwọ́ mi mú. "Dárí jì mí, ọmọ mi. Ó yẹ kí n ti bi ẹ́ lọ́jọ́ tó o wá. Mo fi oṣù mẹ́ta jẹ ẹ́ níyà."

Mo ní kò sóhun tí mo fẹ́ dárí jì, èmi ni mo purọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní láti bi í.

"Mà, Mùíz bẹ̀ yín títí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ bá sọ, òun fúnra ẹ̀ ni ì bá sá fún mi. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún un?"

Ó wò mí bíi pé ìbéèrè náà yà á lẹ́nu.

"Kí n sọ fún un kẹ̀? Bí mo bá sọ fún un, tẹ́ ẹ wá fẹ́ra yín lẹ́yìn náà ńkọ́? Títí ayé lá máa fi wò ẹ́. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá jà, á fi bú ẹ. Bí kò bá fẹ́ ẹ ńkọ́, á sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀, ọ̀rẹ́ ẹ̀ á sọ fún ìyàwó ẹ̀. Ìwọ náà ṣì máa lọ sílé ọkọ níbòmíràn. Obìnrin ni mí, Hamdalah. Mo lè ní kó o má fẹ́ ọmọ mi. Mi ò lè ba orúkọ ẹ jẹ́."

Gbogbo oṣù mẹ́ta tí mo fi ń rò pé obìnrin yìí kórìíra mi, ó ń bò mí láṣìírí. Ó rò pé mo ṣe ohun tó burú jù tí obìnrin lè ṣe, ó sì gbé e sínú, ó jẹ́ kí ọmọ kan ṣoṣo tó bí máa bínú sí òun nítorí ẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun tó dá a, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ òun náà títí ó fi ní kí n dákẹ́, kí n kó òwú mi.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà. Mo jókòó tì í, mo rò gbogbo ẹ̀ látòkèdélẹ̀. Níbi tí mo ti dárúkọ oyún, ó ju àtẹ sílẹ̀, ó fẹ́ dìde. Mo dì í mú, mo ní kó gbọ́ ọ tán. Bí mo ṣe parí ẹ̀, ó jókòó padà.

"Kò sọ fún ọmọ ẹ̀?"

"Kò sọ, Màámi."

"Àdíját ńkọ́? Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ ní àsàlátù?"

"Kò sọ fún ẹnì kankan."

Ó padà sídìí ẹ̀wà ẹ̀. Ó ṣa á títí, ó sì ń da èyí tó dáa mọ́ èyí tí kò dáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo rí i tó ti wẹ̀, tó wọ aṣọ tó fi ń kírun Jímọ̀ọ̀, tó ní kí n mú òun lọ sí Ikotun. Mo bi í pé ṣé ìjà ló fẹ́ lọ jà, ó ti ń wọ bàtà ní tiẹ̀. Nígbà tá a dé ibẹ̀, Àlàájà ń ta ọjà lọ́wọ́. Ìyá mi rìn lọ tààrà bá a, ó sì kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ọjà, tòun taṣọ Jímọ̀ọ̀.

"Ìyá Mùíz, èmi ni ìyá Hamdalah. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo bí i, ẹ̀yin lẹ tún un bí nígbà tẹ́ ẹ ò ba orúkọ ẹ̀ jẹ́. Mo wá dúpẹ́ ni."

Àlàájà ju báàfù tó mú dání sílẹ̀. Ó sáré wá láti gbé e dìde, kò lè gbé e, ni òun náà bá kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀. Wọ́n di ara wọn mú, èyí ń ní "ẹ dìde, mà," ìyẹn ń ní "ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ dìde." Obìnrin tó fẹ́ ra báàfù dúró lórí wọn, ó ń béèrè iye tó jẹ́, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn.